Owó Èéfín Dé Agbo

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará Mattligen, abúlé wa, ń rò nípa owó èéfín, ìyẹn owó tí wọ́n fẹ́ bù lé epo, ọ̀dọ̀ Balz Kubli ni kó lọ. Èrò Balz fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ń fi táńkà gbé epo tí a fi ń mú ilé gbóná kiri àfonífojì wa láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò sí yàrá abẹ́ ilé tí kò tíì fa rọ́bà epo rẹ̀ wọ̀, kò sì sí ilé ìdáná tí wọn ò tíì fún un ní kọfí. Dókítà ò mọ inú ilé àwọn èèyàn tó o. Àlùfáà gan-an máa ń bi í léèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, ohun kan ṣoṣo ló ń gbọ́ láti ilé dé ilé. Bó bá ti ń ká rọ́bà rẹ̀, onílé á mi orí, á ní, ṣé wọ́n fẹ́ kí òtútù pa wá ni, pẹ̀lú owó èéfín tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí? Balz á ní òótọ́ ni, ayé ti yí padà. Wọ́n á jọ mu kọfí, wọ́n á bú ìjọba díẹ̀, wọ́n á bú àwọn ọmọ ìlú ńlá tó ń lọ jókòó sójú títì. Ibẹ̀ ni onílé á ti rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á wúkọ́, á wá bi í bóyá kí òun bu kọfí díẹ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ojú títì yẹn, ọmọ Balz ni.

Madlen lorúkọ rẹ̀, òun nìkan sì ni Balz àti Vreni ìyàwó rẹ̀ bí. Ọmọ náà gbọ́n, orí rẹ̀ sì le. Ó lọ kàwé nípa omi àti yìnyín ní ìlú ńlá, ibẹ̀ ló ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, tí wọ́n sì lọ jókòó sí ojú títì márosẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ọ̀dà, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò àfi bí ìjọba bá ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná. Ilé ọtí Jost ni Balz wà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé ojú ọmọ rẹ̀ yọ lára ògiri, tí ọlọ́pàá kan ń da òróró sí i lọ́wọ́, tó ń rọra ya ìka rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jost tó ni ilé ọtí ló kọ́kọ́ lahùn.

"Balz, ṣé epo tìẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ yẹn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Balz náà rẹ́rìn-ín, torí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ò bá rẹ́rìn-ín, yẹ̀yẹ́ náà kì í tètè tán. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọ eegun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní Madlen Gọ́ọ̀mù, kódà àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Nígbà tó délé, ó gbé fóònù, ó sì sọ fún ọmọ náà pé kó má tíì wálé, kí ìtìjú yìí kọ́kọ́ rọlẹ̀. Madlen ní kò burú. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ìbínú sọ, ọmọ gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì wá dúró sáàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ bí òun ṣe máa gbé e kúrò. Vreni ló ń lọ tó ń bọ̀, tó ń gbé wàràkàṣì lọ, tó ń gbé ìkíni bọ̀.

Kí ọdún náà tó parí, Madlen gba iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ tiwa, ó gba yàrá kan síbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ìròyìn fi dé pé ó ti gbé àbá kan lọ síwájú ìjọba àfonífojì. Àṣà wa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti tó ìdìbò, ìbáà ṣe darandaran, ìbáà ṣe adájọ́, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, gbogbo àfonífojì á dúró yípo ní gbàgede ìlú Sernegg. Agbo là ń pè é. A ó gbọ́ àbá náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu á gun pèpéle lọ sọ ọ́, lẹ́yìn náà olúkúlùkù á gbé káàdì rẹ̀ sókè lójú gbogbo èèyàn. Kò sí àpótí ìdìbò, kò sí kọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sá sí. Bàbá rẹ á rí ọ, àna rẹ á rí ọ, oníbàárà rẹ náà á sì rí ọ.

Àbá Madlen ò le lóye. Ó ní kí a bu owó lé gbogbo epo tí wọ́n bá gbé wọ àfonífojì láti fi mú ilé gbóná, kí a má sì jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀, kí a pín gbogbo rẹ̀ padà fún tọmọdé tàgbà lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá ń jó epo bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ò ní dé mọ́ á san ju ohun tó máa gbà. Ẹni tó bá rọra ń jó o, tàbí tó ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé rẹ̀ gbóná, á jèrè. Ilé ọtí Jost náà ni Balz ti gbọ́ eléyìí. Jost ní, "Balz, ọmọ ẹ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu táńkà ẹ." Balz rẹ́rìn-ín kékeré, ó sanwó bíà tí kò tíì mu dé ìdajì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ká sọ tòótọ́, Balz ò ní nǹkan kan tó lè fi ta ko ọmọ rẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀ yìnyín. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wo òkè Wissgrat, ó ń rí i bí yìnyín orí rẹ̀ ṣe ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún bí ẹni tó jẹ gbèsè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń fi aṣọ funfun bò ó, kó má bàa yọ́ tán. Ilẹ̀ tí yìnyín náà ń dì mú tẹ́lẹ̀ ti ń tú, òkúta sì ti já wálẹ̀ bo pápá ewúrẹ́ Babette Disch, opó àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kángun sí òkè jù. Balz mọ gbogbo èyí. Àmọ́ epo ló ń tà, epo yẹn náà ni wọ́n fi rán ọmọ níwèé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà á jù ni pé Madlen máa gun pèpéle yẹn níwájú gbogbo àfonífojì, kò sì ní rí ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Àjíǹde, Vreni pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pè é. Wọ́n jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn pẹ̀lú ànàmọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí Madlen ń kọ́, ohun gbogbo ń lọ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí Vreni kó àwo wọlé, Balz gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Madlen, gba àbá yẹn padà. Ọjọ́ ò tíì lọ."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Wọn ò fẹ́ ẹ. Ilé gbogbo wọn ni mò ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun fẹ́ ẹ, kò sí."

"Babette ńkọ́? Pápá tiẹ̀ lòkúta ya sí."

"Babette ló le jù nínú wọn. Ó ní bí owó èéfín bá dé, òun á kúkú kó àwọn ewúrẹ́ òun wọ yàrá kí ara òun lè móoru."

Madlen rẹ́rìn-ín. Balz ò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Wọ́n máa fi ẹ̀rín sìn ẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle yẹn ni. Mo ti rí ojú ẹ lára ògiri Jost lẹ́ẹ̀kan, mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mi ò lè rí i lẹ́ẹ̀kejì."

Madlen ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá òun ò jẹun. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yẹn fún yín, kí lẹ máa ń dá wọn lóhùn?"

"Epo ni mò ń tà, Madlen. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ nǹkan kan. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ dìbò fún mi, Bàbá, mo mọ ohun tó máa ná yín. Ẹ ṣáà má jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tèmi níbẹ̀."

Vreni yọ orí láti ilé ìdáná, ó ní òun ò mọ èwo ni ti ẹni tèmi, ẹsẹ̀ tòun á kọ́kọ́ débẹ̀, bàbá ẹ̀ á sì tẹ̀ lé òun bó bá fẹ́ jẹun alẹ́. Balz ní òun máa wá. Kò ṣèlérí ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Agbo mọ́ kedere, òkè gbogbo yọ, kò sí ìkùukùu kankan. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Sernegg, àwọn ará Mattligen kí Balz tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wọ́n béèrè àlàáfíà táńkà rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ màlúù, wọ́n sọ̀rọ̀ koríko tó ń hù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó èéfín. Balz sọ sí Vreni létí pé báyìí náà ni wọ́n ń ṣe sí ẹni tó fẹ́ lọ sìnkú, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ ẹ̀wù.

Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó máa ń dúró sí ní Agbo, kò sẹ́ni tó pín in fún wọn, ibi tí àwọn bàbá ńlá wọn dúró sí náà ni. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orísun omi, lábẹ́ igi ńlá kan. Balz dúró sáàárín. Babette wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ yókù sì yí i ká débi pé kò sí ibi tó lè yíjú sí tí kò ní rí ẹni tó ń gbé epo fún. Lórí pèpéle, Olórí Agbo fi ọwọ́ méjèèjì lé orí idà àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé lé olórí lọ́wọ́. Obìnrin gíga kan ni lọ́dún náà, ojú rẹ̀ ò sì dúró sójú kan. Wọ́n búra, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ afárá kan, wọ́n jà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajá tí kò ní okùn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àbá Madlen Kubli.

Jost ló kọ́kọ́ gun òkè láti ta kò ó. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ń ta ọtí ni. Ó ní bí a bá kó gbogbo èéfín àfonífojì yìí pọ̀, kò tó ti ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn olówó lọ wẹ̀ lókun. Kí ló dé tó jẹ́ àwa tí òtútù ń pa ni ká máa sanwó èéfín ayé? Àwọn èèyàn kùn pé òótọ́ ni, àní òótọ́ wà níbẹ̀. Ká ló dúró síbẹ̀ ni, ì bá dáa fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín máa ń pa Jost bí òùngbẹ. Ó ní bí ìfẹ́ yìnyín bá ń pa ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀, kó lọ fi gọ́ọ̀mù lẹ ara rẹ̀ mọ́ Wissgrat, kí yìnyín má bàa rí ọ̀nà sá lọ. Gbàgede mì fún ẹ̀rín. Balz wo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tó gbé orí sókè, ọmọ rẹ̀ ti wà lórí pèpéle. Ó kéré níbẹ̀. Ó di igi pèpéle mú, ó sì dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Wọ́n ní mi ò mọ ibi tó yẹ kéèyàn jókòó sí," ó ní. "Ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn tí mo dí lọ́nà lọ́jọ́ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí mi, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjókòó mi ni ẹ fẹ́ dìbò lé lórí. Mo ti dìde. Orí ìdúró ni mo wà níwájú yín."

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní Jost ò parọ́, èéfín wa kéré. Pápá Babette tí òkúta bò náà kéré, ilé ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà kéré, kò sì sí nǹkan tiwa tó tóbi àfi òkè. Ó ṣàlàyé bí owó náà ṣe máa wọlé àti bó ṣe máa padà sọ́wọ́ olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí apá ibi orísun omi.

"Bàbá mi ń ta epo. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí, owó epo ló rà á, ìwé tí mo kà, owó epo ni. Mi ò wá síbí láti ta ko ẹni tó ń gbé epo. Bí òtútù bá mú yín, òun lẹ máa ń pè, ó sì máa ń dé. Mo fẹ́ kí àwa náà dé nígbà tí òkè yẹn bá ń pè wá."

Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Láti ìgbà tí Balz ti ń wa táńkà, kò sẹ́ni tó tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ̀ rí.

Olórí Agbo ní kí àwọn tó gba àbá náà gbé káàdì sókè. Ọwọ́ jáde níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ju ohun tí Balz rò lọ dáadáa. Ní igun tiwọn, Vreni nìkan ló gbé tirẹ̀, ó gbé e bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Olórí ní kí àwọn tó kọ̀ ọ́ gbé tiwọn. Ọwọ́ tún jáde, ti Jost ga jù. Balz fi ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò ní ìgbà méjèèjì. Nígbà tó wò yíká, ó yà á lẹ́nu pé àwọn ará Mattligen tó kù, bó ṣe ṣe ni wọ́n ṣe, ọwọ́ wọn wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Babette, ìyá àgbà náà sì sáré yíjú bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ó yé Balz lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán ó rò pé ó yé òun. Àánú ni wọ́n ń ṣe òun. Wọn ò fẹ́ gbé ọwọ́ kọ ọmọ òun lójú òun. Àánú yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ ju gbogbo ẹ̀rín ilé ọtí lọ.

A kì í ka ọwọ́ ní Agbo. Ojú ni olórí fi ń wọ̀n ọ́n, ohun tó bá sì ní òun rí, òun labẹ́ gé, kò sí kóòtù tó lè yí i. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí.

"Ojú mi ò gbé e," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àwọn tó gbà?"

Balz wo ọmọ rẹ̀. Madlen ò wo gbogbo gbàgede, apá ibi igi ló ń wò. Balz ronú kan oníbàárà rẹ̀ tó yí i ká, ó ronú kan táńkà tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé bóun bá gbé ọwọ́ yìí, bí ẹni ń ta ilé ara ẹni lójú aládùúgbò ni. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń ṣe irú ìrònú yẹn nígbà tí ọmọ òun dúró níbẹ̀ lóun nìkan. Ó fa káàdì yọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó nà án tán, ó sì gbójú lé pèpéle, kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni.

Ó gbọ́ ìró aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá Babette bọ́ lulẹ̀, ó kọ lu òkúta.

"Balz," Vreni ní, "wo ẹ̀yìn ẹ."

Ó wẹ̀yìn. Gbogbo igun náà ti gbé ọwọ́. Babette gbé tirẹ̀, ó ń fi èkejì di apá Vreni mú kó má bàa ṣubú. Alápatà abúlé wa gbé tirẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó fi gbogbo ìgbà òtútù bú owó èéfín nídìí kọfí pẹ̀lú Balz gbé tiwọn papọ̀. Láti orísun omi títí dé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ni ó ń wò. Àwọn ará abúlé kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rí i pé ẹni tó ń ta epo ti gbé ọwọ́, àwọn náà wo ara wọn, ọwọ́ tún jáde níbẹ̀.

Ojú Olórí Agbo rìn yíká gbàgede, ó dé ibi igi, ó dúró. Ó béèrè àwọn tó kọ̀ ọ́ nítorí pé òfin ní kó béèrè. Ó wò wọ́n. Ó gbé idà rẹ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì tún fi í lélẹ̀.

"Agbo ti gbà á."

A kì í pàtẹ́wọ́ ní Agbo, ìwà tí kò bójú mu ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí a máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó sáàárín láti wòran, ò mọ ìyẹn, tàbí wọ́n mọ̀ ọ́n tí wọn ò kà á sí. Àwọn ló kọ́kọ́ fò dìde fún olùkọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè láti abúlé dé abúlé, ariwo ayọ̀ sì gba àárín òkè méjèèjì kan. Obìnrin tó di idà mú yíjú sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé rẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé òun ò rí nǹkan kan.

Balz ṣì gbé ọwọ́ sókè. Vreni ló fà á wálẹ̀ fún un.

"Babette," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa kó ewúrẹ́ wọ yàrá?"

Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀, bóyá kó má bàa dáhùn lójú kojú.

"Balz, ṣé èèyàn lè máa bú ọbẹ̀ lójú ẹni tó sè é? O wọlé mi pẹ̀lú rọ́bà ẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú ẹ kọ́rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ. Kí ni kí n sọ, pé òótọ́ lọmọ ẹ ń sọ, ìwọ ni kò yẹ kó o máa wá? Mo bú owó èéfín kó o lè mu kọfí ẹ láyọ̀."

"Èmi náà bẹ́ẹ̀," alápatà ní. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo fẹ́ ẹ ní gbogbo Mattligen. Ìyàwó mi ló ní kí n pa ẹnu mọ́ kí n má bàa múnú bí ẹ."

Ọ̀kan sọ tirẹ̀, òmíràn sọ tirẹ̀. Kò sí ilé tí wọn ò ti tìtorí Balz parọ́, kò sì sí ilé tí Balz ò ti tìtorí wọn gba irọ́ náà. Odidi ìgbà òtútù kan ni gbogbo abúlé fi ń tọ́jú ara wọn lọ́nà òdì, tí olúkúlùkù rò pé orí òun nìkan ló dàrú. Nígbà tó wọ Balz lára tán, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì jẹ́ ti ẹ̀rín nìkan.

Jost la èrò kọjá wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bọ Balz lọ́wọ́, torí bí Agbo bá ti sọ̀rọ̀, ìjà tán, ẹni tó bá ń fà á lọ ti di aláìnítìjú. Ó ní òun pàdánù, òun ló máa ra sọ́séèjì ọ̀sán yìí fún gbogbo ilé Kubli. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má tún sọ ọ̀kan.

"Àmọ́, Balz, ṣé o mọ̀ pé oúnjẹ ara ẹ lo gbé ọwọ́ ta kò yẹn?"

"Mo mọ̀," Balz ní. "Wọ́n máa nílò ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ tuntun wọ yàrá abẹ́ ilé wọn. Ta ló tún mọ ọ̀nà ibẹ̀? Tìẹ ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, kó o tètè jèrè."

Àwọn tó yí wọn ká fi Jost rẹ́rìn-ín, Jost náà sì rẹ́rìn-ín, kó lè tètè tán.

Ó pẹ́ kí Madlen tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn èèyàn ń dá a dúró lọ́nà, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fọwọ́ kan án léjìká. Vreni kọ́kọ́ gbá a mọ́ra, ó sì fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Balz ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò jọ láti àárọ̀ ti fò lọ. Ó ní òun fẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kóun sọ pé kó má wálé nígbà yẹn, ẹ̀rù ló ba òun.

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo rí ọwọ́ yín láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle."

"Ọwọ́ tèmi? Pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ò rí èyí tó kù," Madlen ní. "Ẹ̀yìn tí wọ́n kéde ẹ̀ tán ni mo tó ráyè wò wọ́n."